Kí Nàìjíríà Má Fi Ẹnu Rẹ̀ Dógò Lọ́dọ̀ Ṣáínà

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ẹnu tó bá ti jẹ dòdò kò lè sọ òdodo. Òwe yìí yẹ ní rírò lórí ọ̀rọ̀ Nàìjíríà àti orílẹ̀-èdè Ṣáínà. Agbára káká la fi lè rí abúlé tí ọjà Ṣáínà kò tíì dé, ìbáà ṣe iná sólà, fóònù tàbí tánkì tí àgbẹ̀ ń gbé kọ́ ẹ̀yìn láti fín oògùn sí kòkó. Iléeṣẹ́ Ṣáínà ló ṣe ojú irin tó lọ láti Èkó sí Ìbàdàn, owó tí Nàìjíríà sì yá lọ́dọ̀ Ṣáínà wà nínú iṣẹ́ náà. Kò sí ohun tó burú nínú ìyẹn. Ohun tó yẹ kí ìjọba àpapọ̀ bi ara rẹ̀ ni pé, níbi tó ti ń ra ọjà tó sì ń yá owó, ṣé kò ti fi ẹnu dógò?

Àwọn alágbára pàápàá ti kọsẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ní oṣù Kẹfà ọdún 1989, àwọn ọmọ ogun Ṣáínà yìnbọn pa àwọn tó ń béèrè fún ìjọba tiwantiwa nílùú Beijing. Ní 1993, Ààrẹ Bill Clinton ti Amẹ́ríkà kéde pé bí Ṣáínà kò bá tún ọ̀rọ̀ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn ṣe, àǹfààní tó ń jẹ lórí owó ẹnubodè lè bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tó fi máa di oṣù Karùn-ún ọdún 1994, ó ti yí ohùn padà. Ní ọdún 2000, ó fọwọ́ sí òfin tó sọ àǹfààní náà di ti gbére, nígbà tó sì di oṣù Kejìlá ọdún 2001, Ṣáínà wọ àjọ ìṣòwò àgbáyé. Àlàyé àwọn aláṣẹ Amẹ́ríkà ni pé bí ọrọ̀ bá dé, òmìnira yóò tẹ̀ lé e.

Ọrọ̀ dé lóòótọ́. Ọ̀kẹ́ àìmọye ènìyàn ló bọ́ lọ́wọ́ òṣì ní Ṣáínà, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni fojú kéré ìyẹn. Òmìnira ni kò tẹ̀ lé e. Wọ́n dá ẹ̀wọ̀n ọdún 11 fún òǹkọ̀wé Liu Xiaobo ní 2009, ó sì kú ní 2017 láì rí òmìnira gbà. Nígbà tí wọ́n fún un ní ẹ̀bùn àlàáfíà Nobel ní 2010, Ṣáínà bínú sí orílẹ̀-èdè Norway, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe ìjọba Norway ló ń yan ẹni tó ń gba ẹ̀bùn náà. Ọdún 2016 ni àárín wọn tó gún padà.

Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2022, ọ́fíìsì tó ń rí sí ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn ní àjọ ìṣọ̀kan àgbáyé sọ pé ohun tí wọ́n ń fojú àwọn Mùsùlùmí ẹ̀yà Uyghur rí ní Ṣáínà lè jẹ́ ọ̀ràn ńlá sí gbogbo ọmọ aráyé. Ṣáínà ní irọ́ ni. Nígbà tí wọ́n dìbò ní oṣù Kẹwàá bóyá kí ìgbìmọ̀ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn jíròrò rẹ̀, àwọn 19 kọ̀ ọ́, àwọn 17 fẹ́ ẹ, àwọn 11 kò sì dá sí i. Nínú àwọn ará Áfíríkà tó wà níbẹ̀, Somalia nìkan ló fara mọ́ ọn. Orílẹ̀-èdè Benin wà lára àwọn tí kò dá sí i. Nàìjíríà kò sí nínú ìgbìmọ̀ náà nígbà náà, ṣùgbọ́n òun náà ti fi ibi tó tẹ̀ sí hàn. Ní oṣù Kìíní ọdún 2017, nígbà tí mínísítà Ṣáínà fún ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè wá sí Àbújá, ìjọba Nàìjíríà pàṣẹ pé kí Taiwan, erékùṣù tí Ṣáínà ní tòun ni, kó ọ́fíìsì ìṣòwò rẹ̀ kúrò ní Àbújá lọ sí Èkó.

Àwọn tó ti dàgbà kò ní gbàgbé ayé Abacha. Ní ọjọ́ 10 oṣù Kọkànlá ọdún 1995, wọ́n yẹgi fún Ken Saro-Wiwa àti àwọn mẹ́jọ mìíràn. Àjọ Commonwealth lé Nàìjíríà sẹ́yìn fún ìgbà díẹ̀, Amẹ́ríkà àti ilẹ̀ Yúróòpù sì fi físà du àwọn aláṣẹ ológun. Mandela ní kí ayé má ra epo Nàìjíríà mọ́, ṣùgbọ́n wọn kò yéé rà á, Abacha sì wà lórí àlééfà títí ó fi kú ní oṣù Kẹfà ọdún 1998. Ẹni tó ti ké irú igbe bẹ́ẹ̀ rí kò yẹ kó di etí sí igbe ẹlòmíràn.

Àwọn kan yóò ní tálákà kò lè bá ẹni tó yá a lówó ṣe gbólóhùn asọ̀. Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká wo ohun tó ṣẹlẹ̀ ní oṣù Kẹrin ọdún 2020. Nígbà àjàkálẹ̀ àrùn Kòrónà, wọ́n lé àwọn ọmọ Nàìjíríà àti àwọn ará Áfíríkà mìíràn síta nílé àti ní òtẹ́ẹ̀lì nílùú Guangzhou. Olórí ilé ìgbìmọ̀ aṣojú-ṣòfin nígbà náà, Fẹ́mi Gbàjàbíàmílà, pe aṣojú Ṣáínà, ó sì bá a sọ ọ́ lójúkojú. Ojú irin Èkó sí Ìbàdàn kò tìtorí ẹ̀ dúró, ní oṣù Kẹfà ọdún 2021 ni wọ́n ṣí i. Ọ̀rọ̀ tí a bá fi ọgbọ́n sọ kì í ba ọjà jẹ́.

Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Kí ìjọba máa bá àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn tajà pẹ̀lú, kó sì jẹ́ kí iléeṣẹ́ abẹ́lé rí iná tó tó lò, kó má baà jẹ́ ọwọ́ ẹnì kan ṣoṣo ni gbogbo nǹkan wà. Kó máa fi àdéhùn gbogbo gbèsè han àwọn aráàlú kó tó tọwọ́ bọ̀ ọ́. Bí ọ̀rọ̀ àwọn tí wọ́n ń jẹ níyà bá sì dé iwájú àjọ ìṣọ̀kan àgbáyé, kí aṣojú Nàìjíríà fi ẹ̀rí ọkàn dìbò. Oníbàárà ni Nàìjíríà jẹ́ sí Ṣáínà, kì í ṣe ìwọ̀fà.