Ẹ Wá Ẹnìkejì fún Tai Chi Yín
Ohun tó ń jẹ mí lọ́kàn lọ́sẹ̀ yìí ni àwọn èèyàn wa ní Festac àti káàkiri Àmúwò-Ọ̀dọ̀fin l'Ékòó tó ń dá ṣe tai chi, eré ìdárayá pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ti àwọn ará Ṣáínà, láàárọ̀, tí wọ́n gbé fóònù síwájú, tí wọ́n ń na ọwọ́ sínú afẹ́fẹ́. Ó dára fún ara, mi ò jiyàn. Ṣùgbọ́n ọwọ́ ẹnìkejì ni ìdajì ẹ̀kọ́ náà wà. Tuishou làwọn ará Ṣáínà ń pè é: ẹ ó dojú kọra yín, ẹ ó fi ọrùn ọwọ́ kan ara yín, ẹ ó sì máa yí i po láìjẹ́ kó já. Bí ẹnìkejì bá tì yín, ẹ ò ní ta kú. Ìbàdí lẹ ó fi yà fún un, kí agbára rẹ̀ kọjá lọ. Ẹ wo obìnrin méjì tó ń gún iyán nínú odó kan: ọmọ odó wọn kì í kọlura, torí pé ọ̀kan ti mọ ìgbà tí èkejì fẹ́ sọ tiẹ̀ kalẹ̀. Ta ló lè kọ́ ìyẹn lára fóònù? Ẹ má dúró de ọ̀gá tó ń gbowó. Iwájú ilé nínú kulóòsì yín ti tó. Ìlú Festac tí wọ́n kọ́ kí àlejò láti gbogbo ilẹ̀ adúláwọ̀ lè ríbi sùn sí nígbà àjọ̀dún àṣà FESTAC 1977, ṣé ó wá yẹ kí aládùúgbò máa ṣojo níbẹ̀ láti ní kí ẹnìkejì jáde wá? Kì í ṣe ìdíje o. Kí ọ̀dọ́ rọ̀ fún àgbà tí orúnkún ń dùn. Bí èjìká yín bá ti le, agbára lẹ ń lò nìyẹn. Ẹ dúró, ẹ mí, kí ẹ tún un bẹ̀rẹ̀.