Ọ̀fẹ́ tán, dọ́là gòkè: Ìṣòro tó ń bá àwọn ọ̀dọ́ tó ń ṣe áàpù fínra

Bí ọ̀dọ́ kan bá ṣe áàpù tán, iṣẹ́ kò tíì parí. Áàpù náà gbọ́dọ̀ wà lórí kọ̀ǹpútà tí kì í kú tọ̀sán-tòru, kí àwọn èèyàn tó lè rí i lò lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Àwọn ilé-iṣẹ́ kan wà lókè òkun tó ń fi irú kọ̀ǹpútà bẹ́ẹ̀ háyà, tí wọ́n sì ń bá èèyàn ṣe gbogbo ìtọ́jú rẹ̀. Ọ̀kan pàtàkì nínú wọn ni Heroku, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà lọ́dún 2007.

Ohun tó sọ Heroku di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká ni ọ̀fẹ́. Akẹ́kọ̀ọ́ tí kò ní kọ́bọ̀ lápò lè gbé áàpù rẹ̀ síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ní oṣù kẹjọ ọdún 2022, ilé-iṣẹ́ náà kéde pé àwọn oníjìbìtì ń lo àǹfààní náà ní ìlòkulò, àti pé ọ̀fẹ́ yóò dópin. Nígbà tó di ọjọ́ 28, oṣù kọkànlá, ilẹ̀kùn ti tì. Owó tó kéré jù di dọ́là 5 lóṣù fún áàpù, àti dọ́là 5 mìíràn fún ibi tí wọ́n ń kó àkọsílẹ̀ pamọ́ sí.

Dọ́là 10 lè má jẹ́ nǹkan kan lójú ará Amẹ́ríkà. Ẹ jẹ́ ká wá ṣírò rẹ̀ sí náírà. Kó tó di oṣù kẹfà ọdún 2023, nígbà tí Báńkì Àpapọ̀ jọ̀wọ́ náírà sọ́wọ́ ọjà, nǹkan bíi náírà 4,600 ni. Lọ́dún 2024, ó ti di nǹkan bíi náírà 15,000. Iye dọ́là kò yàtọ̀. Owó tiwa ló já wálẹ̀.

Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà gba owó náà tún yẹ ní wíwò. Àwọn kan ń gba iye kan pàtó lóṣooṣù, bí owó ilé. Àwọn mìíràn ń ka ìlò, bíi mítà iná. Èyí tó ń ka ìlò máa ń dẹni lọ́rùn nígbà tí oníbàárà kò tíì pọ̀. Àmọ́ kò dà bíi mítà oníkáàdì tí iná rẹ̀ ń kú bí owó bá ti tán. Ní oṣù kejì ọdún 2024, ẹnì kan tó ń lo Netlify lọ́fẹ̀ẹ́ gba ìwé owó tó ju dọ́là 104,000 lọ, nítorí pé èrò rọ́ lu fáìlì orin kan lórí ìkànnì rẹ̀. Ìgbà tí ariwo ta ni ọ̀gá àgbà ilé-iṣẹ́ náà, Mathias Biilmann, tó ní kó má san án mọ́. Kì í ṣe gbogbo èèyàn ni ariwo rẹ̀ ń dé etí ọ̀gá.

Òótọ́ ibẹ̀ ni pé ẹni tó ń gba náírà lọ́wọ́ oníbàárà, tó sì ń san dọ́là, gbèsè ọjọ́ iwájú ló ń jẹ. Kó tó fi áàpù rẹ̀ síbikíbi, ó yẹ kó bèèrè ibi tí owó náà yóò dúró, àti bóyá òun lè fi òpin sí i. Kó sì kọ ọ́ sínú àdéhùn pẹ̀lú oníbàárà pé bí dọ́là bá gòkè, owó iṣẹ́ yóò yí padà. Ìgbẹ̀yìn ní í yé olókùú àdá. Kí ó má jẹ́ ìgbẹ̀yìn ni yóò yé àwọn ọ̀dọ́ wa.