Ẹ̀wù Àgbàbọ̀ Kì Í Yẹni: Ọ̀rọ̀ Lórí Ohun Èlò Orin Ọ̀fẹ́

  Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ lónìí kì í ṣe ti ìdánwò, kì í sì í ṣe ti owó ilé ẹ̀kọ́. Ọ̀rọ̀ orin ni. Bí ẹ bá rò pé kò kàn yín nítorí pé ẹ kì í ṣe olórin, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fara balẹ̀ kà á dé òpin.

Ẹni tó bá mọ Gwagwarwa dáadáa yóò mọ̀ pé sítúdíò kì í ṣe ohun ńlá níbẹ̀. Yàrá kan, fóòmù tí a lẹ̀ mọ́ ògiri, máìkì kan, kọ̀ǹpútà alágbèéká kan àti jẹnẹrétọ̀ kékeré lẹ́yìn ilé: sítúdíò dé nìyẹn. Irú ibẹ̀ ni àwọn akọrin ṣọ́ọ̀ṣì ti ń gba ohùn sílẹ̀. Ibẹ̀ ni àwọn ọmọ àsàlátù ń lọ, ibẹ̀ ni àwọn tó ń kọ fújì níbi ìgbéyàwó ń lọ, ibẹ̀ náà sì ni àwọn ọmọ wa tó ń da Yorùbá pọ̀ mọ́ Haúsá nínú orin kan ṣoṣo ti ń ṣe tiwọn. Owó tí ń wọlé níbẹ̀ kò tó nǹkan. Nítorí náà, ohun èlò ọ̀fẹ́ ni ọ̀pọ̀ ń lò, àwọn mìíràn sì ń lo èyí tí wọ́n jí.

Ìbéèrè mi ni pé, bí ẹni tó fúnni ní ohun ọ̀fẹ́ bá gbà á padà ńkọ́?

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìtàn kan. Ní ọdún 1987 ni ilé iṣẹ́ kan ní Amẹ́ríkà gbé ètò kọ̀ǹpútà kan jáde tí a fi ń ṣe orin, orúkọ rẹ̀ a máa jẹ́ Cakewalk. Nígbà tó yá, ó di SONAR, àwọn onísítúdíò sì ń fi owó gidi rà á. Ní ọdún 2013, Gibson, ilé iṣẹ́ tó gbajúmọ̀ fún gìtá, ra Cakewalk. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2017, Gibson kéde pé òun kò ṣe iṣẹ́ lórí rẹ̀ mọ́. Gbogbo ẹni tó ti fi owó rà á di ọmọ òrukàn lọ́jọ́ kan.

Ní oṣù kejì ọdún 2018, BandLab, ilé iṣẹ́ kan láti Singapore, rà á lọ́wọ́ Gibson. Nígbà tó fi máa di oṣù kẹrin ọdún yẹn, wọ́n ti tún un gbé jáde pẹ̀lú orúkọ Cakewalk by BandLab, lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ wo ayọ̀! Ohun tí ènìyàn ìbá fi owó ńlá rà ni wọ́n ń pín fún gbogbo ayé. Ṣùgbọ́n ní ọdún 2023, wọ́n kéde pé ti ọ̀fẹ́ náà ń lọ sí òpin, pé Sonar tuntun ń bọ̀, olówó ni yóò sì jẹ́. Ní ọdún 2025 ni wọ́n gbá ti ọ̀fẹ́ náà wọlé. Lóòótọ́, wọ́n ṣí ìpele kan tí kò gba owó sílẹ̀ nínú Sonar tuntun náà lọ́dún kan náà, ó sì lè ṣí iṣẹ́ tí a ti ṣe nínú ti àtijọ́. Ṣùgbọ́n àwọn nǹkan kan wà nínú rẹ̀ tí ilẹ̀kùn wọn kò ní ṣí àfi bí o bá san owó.

Kí ẹ má baà sọ pé ti ilé iṣẹ́ kan ṣoṣo nìyẹn, ẹ wo Pro Tools First. Ọdún 2015 ni Avid gbé e jáde lọ́fẹ̀ẹ́. Iṣẹ́ mẹ́ta péré ni o lè ní nínú rẹ̀, orí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́dọ̀ wọn ni iṣẹ́ náà sì ń gbé, kì í ṣe inú kọ̀ǹpútà rẹ. Nígbà tí ọdún 2021 ń parí, wọ́n dá a dúró. Ní ọdún 2022 ni wọ́n gbé òmíràn tó ń jẹ́ Pro Tools Intro jáde. Àwọn àgbà ti sọ ọ́ tipẹ́: ẹ̀wù àgbàbọ̀ kì í yẹni, bí kò fúnni lápá, a fúnni lọ́rùn.

Ṣé mo wá ń sọ pé ọ̀daràn ni àwọn ilé iṣẹ́ wọ̀nyí? Rárá o. Wọ́n ń san owó oṣù fún àwọn tó ń kọ ètò náà. Ọdún méje ni BandLab fi fún ayé ní ohun tí kò gba kọ́bọ̀ lé e lórí. Kò sí ìwé àdéhùn tí wọ́n fi sọ pé yóò rí bẹ́ẹ̀ títí láé. Ẹni tó fún ọ ní oúnjẹ fún ọdún méje kò jẹ ọ́ ní gbèsè oúnjẹ ọdún kẹjọ. Ọ̀dọ̀ àwa tí à ń jẹun ni ẹjọ́ wà, bí a kò bá ní ààrò tiwa nílé.

Ohun tó jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí dùn mí ni èyí. Àwa tí a bí, tí a sì tọ́ dàgbà ní Kánò, kò sí ẹni tó ń kọ ìtàn wa sínú ìwé púpọ̀. Yorùbá tí à ń sọ ní Sábọ̀n Gàrí, tí ọ̀rọ̀ Haúsá ń yọjú nínú rẹ̀, a kò lè gbọ́ irú rẹ̀ ní Ọ̀yọ́ tàbí ní Ìjẹ̀bú. Àwọn ìyá àgbà tó mọ oríkì ìdílé wọn wà láàárín wa, wọ́n sì ń lọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí ọmọ kan bá gba ohùn ìyá bẹ́ẹ̀ sílẹ̀, tó fi sínú orin, tó wá jẹ́ pé inú fáìlì tí ètò kan ṣoṣo lè ṣí ló wà, ọjọ́ tí ètò náà bá kú ni ìyá náà kú lẹ́ẹ̀kejì.

Àwọn bàbá wa nínú iṣẹ́ orin mọ èyí kí kọ̀ǹpútà tó dé. Ní ọdún 1969, Hárúnà Ìṣọ̀lá, bàbá àpàlà, àti I. K. Dairo, ògbóǹtarìgì onijùjú, pawọ́ pọ̀ dá ilé iṣẹ́ rẹ́kọ́ọ̀dù STAR sílẹ̀, kí èrè orin wọn lè wà lọ́wọ́ àwọn fúnra wọn dípò ọwọ́ àwọn òyìnbó. Nígbà tó di ọdún 1979, Hárúnà Ìṣọ̀lá tún kọ́ sítúdíò Phonodisk sí Ìjẹ̀bú-Igbó. Kì í ṣe pé kò rí sítúdíò ẹlòmíràn lò. Ó mọ̀ pé ẹni tó ni irinṣẹ́ ló ni ọ̀rọ̀ ìkẹyìn lórí iṣẹ́.

Mo mọ ohun tí àwọn kan yóò sọ. Wọ́n á ní, "Ṣebí FL Studio tí wọ́n ti já àgádágodo rẹ̀ wà lọ́jà, kí ni à ń pariwo sí?" Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a bi ara wa léèrè: ṣé kì í ṣe àwa kan náà là ń bínú pé wọ́n ń da orin wa sínú mẹ́mọ́rì káàdì, tí wọ́n ń tà á lọ́jà, láìfún wa ní kọ́bọ̀? Ohun tí a kò fẹ́ kí a ṣe sí wa, ẹ má jẹ́ kí a ṣe é sí ẹlòmíràn. Yàtọ̀ sí èyí, ètò jíjí a máa kó kòkòrò wọ inú kọ̀ǹpútà, awúùfù a sì máa runni nínú. Ìyẹn tí FL Studio fúnra rẹ̀ fi sílẹ̀ fún ìdánwò, o lè tọ́jú iṣẹ́ rẹ nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n bí o bá ti pa á dé, o kò ní lè ṣí iṣẹ́ náà padà títí o fi máa sanwó.

Kí wá ni ọ̀nà àbáyọ? Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ̀ pé oríṣi ọ̀fẹ́ méjì ló wà. Ọ̀fẹ́ àlejò ni èkíní: onílé ní kí o wọlé kí o jẹun, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ ni kọ́kọ́rọ́ wà. Èkejì dà bí kànga àdúgbò. Bí ẹni tó ṣáájú nínú gbígbẹ́ rẹ̀ bá kó lọ, àwọn tó kù lè gbọ́n ọn, kí wọ́n sì máa pọn omi lọ. Àwọn ètò kan wà tó jẹ́ kànga bẹ́ẹ̀, nítorí pé ìlànà tí a fi kọ wọ́n wà ní gbangba fún ẹni tó bá fẹ́ kà á, tàbí tó bá fẹ́ tún un ṣe.

Audacity jẹ́ ọ̀kan. Ó ti wà láti ọdún 2000, ó sì dára fún gbígba ohùn sílẹ̀ àti gígé e. Lóòótọ́, ó bọ́ sọ́wọ́ ilé iṣẹ́ Muse Group ní ọdún 2021, ṣùgbọ́n ìlànà rẹ̀ ṣì wà ní gbangba. LMMS náà wà, láti ọdún 2004, fún ẹni tó ń ṣe bíìtì. Ṣùgbọ́n kì í ṣe òun ni a fi ń gba ohùn máìkì, nítorí náà ẹ so ó pọ̀ mọ́ Audacity. Ardour ni ti àwọn tó fẹ́ sítúdíò kíkún, pàápàá bí ẹ bá ń lo Linux.

Nínú ọ̀fẹ́ àlejò, Waveform Free kò fi ìdíwọ̀n sí iye ohùn tí o lè tò léra. Bí ó bá sì jẹ́ pé owó díẹ̀ wà, Reaper fún ẹni ní ọgọ́ta ọjọ́ láti dán an wò, 60 dọ́là sì ni iye tí ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ kéré ń san. Kò kéré lójú akẹ́kọ̀ọ́, mo mọ̀, ṣùgbọ́n ètò náà fúyẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí kò fi ní jẹ dátà rẹ tán, ó sì lè ṣiṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà tó ti gbó.

Ṣùgbọ́n ohun tó ju gbogbo èyí lọ ni ìtọ́jú. Ètò yòówù kí ẹ lò, bí orin bá ti parí, ẹ yọ ohùn kọ̀ọ̀kan jáde lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ gẹ́gẹ́ bí WAV: ìlù lọ́tọ̀, gìtá lọ́tọ̀, ohùn lọ́tọ̀. Kí gbogbo wọn bẹ̀rẹ̀ láti ojú ibì kan náà, kí ẹ baà lè tò wọ́n padà nínú ètò mìíràn láìdàrú. Ẹ tọ́jú MIDI rẹ̀ náà. Láti ọdún 1983 ló ti wà, kò sì tíì kú. Ẹ kọ ìwọ̀n ìyára orin náà sílẹ̀, àti orúkọ ẹni tó kọrin àti ẹni tó lùlù. Orin ìṣẹ́jú mẹ́rin tó ní ohùn ogún kò ju nǹkan bí mẹ́gábáìtì 400 lọ, bí ohùn kọ̀ọ̀kan bá jẹ́ mónò lásán. Fíláàṣì 32 gígábáìtì kan yóò gba irú orin bẹ́ẹ̀ tó lé ní àádọ́rin. Ẹ ṣe é ní ẹ̀dà méjì, kí ọ̀kan má ṣe gbé inú ilé kan náà pẹ̀lú èkejì.

Níkẹyìn, mo fẹ́ ké sí àwọn olóyè ẹgbẹ́ wa. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin àgbà ẹgbẹ́, bí a bá lè dá owó fún àṣọ ẹgbẹ́ àti fún ọjọ́ àṣà lọ́dọọdún, a lè dá owó fún kọ̀ǹpútà kan àti àpótí ìpamọ́ kan. Kí ẹnikẹ́ni tó bá gba orin tàbí oríkì sílẹ̀ láàárín wa fi ẹ̀dà kan síbẹ̀. Kí àwọn tó mọ Audacity àti LMMS kọ́ àwọn tó kù ní ọ̀sán Sátidé méjì péré. Bí a bá sì fẹ́ ohùn gángan àti ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ nínú ètò wọ̀nyí, ẹ má ṣe jẹ́ kí a dúró de òyìnbó. Àwọn onílù wà láàárín wa. Ẹ jẹ́ kí a gba ohùn ìlù wọn sílẹ̀, kí a san owó wọn, kí a sì fi ohùn náà sí àárín ara wa. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà.

Ohun ọ̀fẹ́ yóò máa wá, yóò sì máa lọ. Ẹ lò ó, kò sí èèwọ̀ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe fi kọ́kọ́rọ́ ilé bàbá yín sí àpò àlejò. Ire o.