Orin Kúkúrú, Iṣẹ́ Ńlá

Kékeré ni abẹ́rẹ́, kì í ṣe mímì fún adìyẹ. Àwọn kan nínú àwọn ọ̀dọ́ wa a máa wí pé orin ìbílẹ̀ kéré jù fún ẹni tí ó kàwé, nítorí pé ìlà díẹ̀ ni à ń tún pè títí. Àwa kò bá wọn jiyàn pé ó kúrú. Ṣùgbọ́n ohun tí ó kúrú kò fi bẹ́ẹ̀ rọrùn, orin àwọn ará Írẹ́lándì sì jẹ́rìí sí i.

Ẹ jẹ́ kí a mú ẹyọ kan, orin ijó tí wọ́n ń pè ní The Kesh Jig. Apá méjì péré ni ó ní, a sì ń fọn apá kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀mejì. Ọmọdé tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba fèrè páànù lè tètè mọ̀ ọ́n. Síbẹ̀, nígbà tí ògbóǹtarìgì ẹgbẹ́ olórin, The Bothy Band, gbé àwo wọn àkọ́kọ́ jáde ní 1975, orin ọmọdé yìí gan-an ni wọ́n fi ṣí i.

Kí ni ó wá le nínú rẹ̀? Èkíní, mẹ́ta-mẹ́ta ni ohùn rẹ̀ ń tò. Lórí ìwé, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dọ́gba. Lọ́wọ́ ọ̀gá, ti àkọ́kọ́ a gùn díẹ̀, ti èkejì a sì kúrú. Ibẹ̀ ni ẹsẹ̀ oníjó ti ń gba agbára. Èkejì, orin náà kò ní ibi ìsinmi. Ẹni tí ń fọn fèrè ní láti fo ohùn kan kí ó tó lè mí. Bí ó bá fo èyí tí kò yẹ, orin fọ́. Ẹ̀kẹta, bí ohùn kan bá tẹ̀lé irú rẹ̀, ìka a gbéra fìrí láti là wọ́n. Bí ó bá pẹ́ díẹ̀, ẹwà di àléébù. Nínú orin gígùn, àṣìṣe lè rí ibi sá pamọ́ sí. Nínú orin kúkúrú, gbangba ni ó wà. Àwọn mìíràn a máa fi eré bo àìpé wọn. Ṣùgbọ́n oníjó kì í pẹ́ mọ̀.

Francis O'Neill, ọmọ Írẹ́lándì tí ó di ọ̀gá àgbà ọlọ́pàá ní Chicago, tẹ ìwé orin ilẹ̀ rẹ̀ jáde ní 1903; orin 1,850 ni ó wà nínú rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ kò mọ àmì orin í kọ. James O'Neill ni ó bá a kọ wọ́n sílẹ̀. Iṣẹ́ ọpẹ́ ni. Ṣùgbọ́n egungun orin ni ìwé lè pa mọ́. Èémí rẹ̀ wà lọ́dọ̀ àwọn àgbà tí ń fọn ún.

Ọ̀rọ̀ yìí kàn wá. Nínú ẹgbẹ́ dùndún, gúdúgúdú kì í sọ̀rọ̀ bí ìyáàlù. Ìró kúkúrú ni ó ń tún lù. Kí ó ṣìnà lẹ́ẹ̀kan, kí a wo bí ìyáàlù yóò ti sọ̀rọ̀! Bí àwọn tí ó mọ̀ ọ́n lù bá sì lọ láìní ọmọ iṣẹ́, ẹ̀rọ ìgbohùnsílẹ̀ yóò fi ìró wọn sílẹ̀ fún wa, kò ní fi ọwọ́ wọn sílẹ̀.

Nítorí náà, ẹ̀yin olóyè àti ẹ̀yin ọ̀mọ̀wé ìlú, nígbà tí ẹ bá ń ta àwọn onílù lọ́rẹ, ẹ má ṣe wo ẹni tí ó yára jù nìkan. Ẹ bi onígúdúgúdú pé ọmọ ta ni ó ń kọ́.