Ibi tí Ìkéde Wa Kò Dé

Kaduna ni wọ́n ti tọ́ mi dàgbà. Yorùbá nínú ilé, Hausa níta. Odidi sẹ́mẹ́sítà kan ni mo lò nínú ọgbà yìí kí n tó mọ̀ pé ẹgbẹ́ wa wà, nítorí ibi tí àwọn tó ti mọ̀ wá ń jókòó sí nìkan ni a máa ń lẹ ìwé ìkéde mọ́.

Ẹ jẹ́ kí a fi ìṣirò wò ó. Ká ní ìwé méjì péré la ní. Bí a bá lẹ ọ̀kan sí họ́sítẹ̀lì ọkùnrin, ọmọ Yorùbá 100 yóò rí i. Ní búkà, 90 ni yóò rí i, ṣùgbọ́n 80 nínú wọn ti rí ti àkọ́kọ́. Ní họ́sítẹ̀lì obìnrin, 40 péré ni, àmọ́ kò sí ìkankan nínú wọn tó tíì gbọ́. Níbo ni kí ìwé kejì lọ? Búkà yóò fi 10 kún un. Họ́sítẹ̀lì obìnrin yóò fi 40.

Bí àfikún ṣe ń dínkù bí ohun tó wà nílẹ̀ ṣe ń pọ̀ sí i ni àwọn onímọ̀ ń pè ní submodularity. Kí a máa mú èyí tí àfikún rẹ̀ pọ̀ jù ní ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń pè ní greedy, bí ẹni pé ọ̀kánjúwà ni. Ṣùgbọ́n ọ̀kánjúwà yìí ní ẹ̀rí lẹ́yìn. Ní 1978, Nemhauser, Wolsey àti Fisher fi hàn pé kò ní mú ohun tó dín ní nǹkan bí 63 nínú 100 èyí tó dára jù lọ wá. Bí ìwé bá jẹ́ 10, ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan yóò dí ó kéré tán ìdá kan nínú mẹ́wàá àlàfo tó kù. Ní 2003, Kempe, Kleinberg àti Tardos fi yan àwọn tí ọ̀rọ̀ yóò ti ẹnu wọn tàn láàárín ojúlùmọ̀. Ẹ̀rí yìí kò bo ohun tó gbọ́dọ̀ pé méjì kó tó wúlò, bíi kọ́kọ́rọ́ àti àgádágodo.

Nítorí náà, bí a bá tún fẹ́ yan àwọn tí yóò máa polongo ẹgbẹ́, ẹ má bèèrè ẹni tó lókìkí jù. Àwọn olókìkí márùn-ún lè ní ọ̀rẹ́ kan náà. Ẹ bèèrè ẹni tó mọ àwọn tí a kò tíì mọ̀. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Ẹnìkan wà nínú ọgbà yìí lónìí tí ó rò pé òun nìkan ni ọmọ Yorùbá. Ẹ jẹ́ kí ìwé tó kàn dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.