Ẹni tó ni ilẹ̀ kọ́ ló ń dá pinnu bí ilé á ṣe tóbi tó

Ní Ganhi, níbi tí báǹkì àti ilé iṣẹ́ pọ̀ sí ní Kútọnu, ilẹ̀ wọ́n bí ojú. Ẹni tó bá rí parcelle kan níbẹ̀ á fẹ́ kọ́ ọ láti ògiri dé ògiri, á tún fẹ́ gbé e gòkè. "Ṣebí èmi ni mo ni ilẹ̀ mi?" Òótọ́ ni o, ṣùgbọ́n òfin ìlú náà ní ohùn níbẹ̀.

Nǹkan méjì ni òfin ń wò. Èkíní ni ibi tí ìsàlẹ̀ ilé lè bò lórí ilẹ̀: CES nìyẹn. Èkejì ni gbogbo àjà ilé tí a bá rò wọ́n pọ̀: ìyẹn ni COS.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ká ní parcelle jẹ́ 500 m², CES jẹ́ 0,6, COS sì jẹ́ 2. Ìsàlẹ̀ ilé ò gbọdọ̀ ju 300 m² lọ. Gbogbo àjà lápapọ̀ ò gbọdọ̀ ju 1 000 m² lọ. Ẹni tó bá bo 250 m² lè kọ́ àjà mẹ́rin, bí òfin gíga ilé bá gbà á. Tí ẹ̀gbọ́n àti àbúrò bá pín ilẹ̀ yẹn sí méjì ńkọ́? 150 m² péré ni ẹnì kọ̀ọ̀kan lè bò. Àpẹẹrẹ lèyí o. Ìwé ètò ìlú ló ń sọ iye ti àdúgbò kọ̀ọ̀kan.

Kí ló dé tí wọ́n fi ní ká fi àyè sílẹ̀? Àárín òkun àti ọ̀sà Nokoué ni Kútọnu wà, lórí iyanrìn, omi ò sì jìnnà nísàlẹ̀. Bí gbogbo wa bá fi sìmẹ́ńtì bo ilẹ̀ wa tán, òjò ò ní ríbi wọlẹ̀ sí, ilé aládùúgbò ló máa yà sí.

Ẹ lè gbọ́ lẹ́nu àwọn ọmọ yín tó wà ní Faransé pé wọ́n ti pa COS rẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni, ní 2014. Ṣùgbọ́n òfin ṣì ń díwọ̀n gíga ilé àti ilẹ̀ tó ń bò níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí kan àwa ará Kétou, Pobè àti Savè náà. Lotissement ti ń dé ọ̀dọ̀ wa, àwọn ọmọ wa sì ń ra ilẹ̀ ní Kútọnu. Kí wọ́n tó sanwó, kí wọ́n kọ́kọ́ béèrè ní mairie: mélòó ni mo lè bò, mélòó ni mo lè gbé gòkè? Titre foncier ń sọ ẹni tó ni ilẹ̀. Permis de construire ló ń sọ ohun tó lè kọ́ sórí rẹ̀. Ilé tí a kọ́ láìgba permis, wọ́n lè wó o, owó tí a ti ná á sì wọgbó.