ÌLERA NÍNÚ ILÉ: Ọrùn Ẹsẹ̀ Tí Ń Dún

Ẹsẹ̀ kì í níyì lójú ẹni títí di ọjọ́ tí ó bá kọ̀ láti gbé ni. Ní ọjọ́ òjò kan, mo yọ̀ lórí àtẹ̀gùn, ọrùn ẹsẹ̀ mi ọ̀tún sì yí. Mo fi òróró pa á, mo ní kí ọmọ mi wọ́ ọ. Ó wú, wíwú náà sì rọlẹ̀. Ṣùgbọ́n láti ìgbà náà ni ohun kan ti ń ta “kọ́” lẹ́yìn kókó ẹsẹ̀ náà nígbàkúgbà tí mo bá ń sọ̀kalẹ̀. Oṣù 3 ni mo fi pa ìrora náà mọ́ra kí n tó tọ dókítà lọ.

Ohun tí ó fi yé mi nìyí. Iṣan méjì gba ẹ̀yìn kókó ẹsẹ̀ ti ìta kọjá lọ sí ẹ̀bá àti abẹ́ ẹsẹ̀. Awọ líle kan ni ó dè wọ́n mọ́ àyè wọn. Bí ẹsẹ̀ bá yí, awọ yìí lè ya. Nígbà náà ni iṣan a máa fò gun orí egungun, tí a sì ń gbọ́ ìró rẹ̀. Bí èyí bá pẹ́, egungun a máa ha iṣan náà títí yóò fi ya ní gígùn.

Kì í ṣe gbogbo ìró ni àìsàn. Bí ọrùn ẹsẹ̀ bá ń dún, tí kò dun ni, tí kò sì wú, ẹ má ṣe fòyà. Ṣùgbọ́n bí ìró bá bá ìrora rìn, ẹ fi han dókítà.

Èyí tí ó tún yẹ kí a ṣọ́ ni iṣan gìgísẹ̀, tí ó nípọn jù lọ nínú ara. Ó lè já lójijì bí ènìyàn bá sáré tàbí bí ó bá fò. Yóò dà bí ẹni pé a ta á ní ìpá láti ẹ̀yìn, kò sì ní lè fi ọmọ ìka ẹsẹ̀ yẹn nìkan dúró. Kí ó dojúbolẹ̀, kí ẹ fi ọwọ́ fún ẹran ẹ̀yìn ojúgun rẹ̀: bí àtẹ́lẹsẹ̀ kò bá mira, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ní ọjọ́ náà gan-an. Oògùn bí ciprofloxacin pàápàá lè sọ iṣan yìí di aláìlágbára, jù lọ lára ẹni tí ó ti ju ọdún 60 lọ. Nítorí náà, ẹ má ṣe rà á lò láìgba àṣẹ dókítà.

Bí ẹsẹ̀ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ yí, ẹ jẹ́ kí ó sinmi, ẹ gbé e sókè lórí ìrọ̀rí, ẹ fi yìnyín tí a fi aṣọ wé lé e fún ìṣẹ́jú 20. Ẹ má ṣe wọ́ ọ, ẹ má sì ṣe fi omi gbígbóná jó o.

Ní tèmi, dókítà ní bí mo bá ti tètè wá ni, bóyá kí a fi ìdè líle dì í fún ọ̀sẹ̀ 6 ìbá ti tó. Nítorí ìpẹ́ mi, ọ̀bẹ ni a fi tún un ṣe. Kékeré ni a ti ń pẹ̀ka ìrókò. Bí ó bá dàgbà tán, apá kì í ká a mọ́.